Èmi Ni Mo Kọ́ Ọkọ̀ Náà Ní Irọ́ Pípa

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bu díẹ̀ jẹ lára èébú náà. Mo mọ iṣẹ́ mi, mo mọ òfin, mo sì mọ ohun tó tọ́. Mo mọ gbogbo rẹ̀ dájú, mo sì fi ẹ̀rín músẹ́ ṣe òdìkejì.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ òde òní ní kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú, òun ló ń sọ fún ẹ́ńjìnnì bí yóò ṣe mu epo àti bí yóò ṣe mí. Èmi ni mo máa ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yẹn ń tẹ̀lé. Ìyá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí, inú mi sì máa ń dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Olórí yàrá ìdánwò wa ni ọkùnrin àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Sàlẹ́ńsà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sídìí sàlẹ́ńsà, ihò tí èéfín ọkọ̀ ń gbà jáde, tó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sọ àìsàn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún ọ. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Kọ̀ǹpútà nìkan ni òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń jà. Tó bá ti tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, á ké sí mi pé, "Ọmọ mi, wá bá mi tan nǹkan yìí." Ọdún méjìlá ni mo fi bá a tan nǹkan yẹn.

Òfin tuntun wá dé. Ìjọba ní ọkọ̀ tí májèlé inú èéfín rẹ̀ bá kọjá ìwọ̀n kan, tàbí tó bá ń mu epo bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu òjò, kò gbọdọ̀ jáde fún títà.

Àwọn ọ̀gá wa bú sẹ́kún. Wọ́n kọ lẹ́tà sọ́tùn-ún, wọ́n kọ sósì. Wọ́n ní òfin náà máa pa ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ wa, ọmọ wa ò ní rí jẹ. Àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún tì wọ́n.

Bàbá Sàlẹ́ńsà kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní òun ti gbọ́ ẹkún yẹn rí. Ó ní nígbà tí wọ́n ní kí a fi bẹ́líìtì sí ìjókòó, àwọn ọ̀gá ayé ìgbà náà ní ta ni yóò jókòó kí wọ́n wá so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Nígbà tó kan àpò afẹ́fẹ́ tó ń gba orí awakọ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, wọ́n ní ó máa fọ́ èèyàn lójú ni. Ó ní ẹ lọ wo ìpolówó wọn lónìí, lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ bẹ́líìtì àti àpò afẹ́fẹ́ síbẹ̀, bíi pé ojú oorun ni wọ́n ti rí i.

"Wọ́n á kọ́kọ́ sunkún," ó wí, "wọ́n á wá ṣe màgòmágó. Tó bá yá, wọ́n á ṣe é, wọ́n á sì ní àwọn ló bí i."

Lóòótọ́, màgòmágó ló tẹ̀lé ẹkún. Kí ọkọ̀ ìdánwò má baà mu epo púpọ̀, a fún táyà ní afẹ́fẹ́ títí ó fi le bí òkúta. A fi téèpù lẹ gbogbo àlàfo ara ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn má ríbi dì mú. A yọ táyà ìpààrọ̀ tó wà ní bùútù, a yọ jáàkì, a yọ rédíò, a yọ dígí ẹ̀gbẹ́ kan, a ká kápẹ́ẹ̀tì. Ó kù díẹ̀ ká yọ awakọ̀. Ìdánwò epo yege, a pàtẹ́wọ́ fún ara wa.

Ti èéfín ni kò gbọ́. Èéfín ò mọ téèpù.

Bàbá ní ọ̀nà kan wà. Ó fẹ́ ká so agolo kan mọ́ ìdí sàlẹ́ńsà, tí yóò máa fọ́n oògùn olómi sínú èéfín láti pa májèlé rẹ̀. Ó ti yàwòrán rẹ̀ sínú ìwé, iṣẹ́ náà sì dára. Àmọ́ oṣù mẹ́jọ ni yóò gbà, agolo náà yóò sì jẹ díẹ̀ nínú àyè bùútù.

Ọ̀gá tó wà lókè wa ò fẹ́ gbọ́ ọ. Ọ̀gá Ó-Ti-Parí ni a ń pè é, nítorí kò sí ọ̀ràn tí o máa gbé dé iwájú rẹ̀ tí kò ní ní ó ti parí. Ó ní oṣù mẹ́ta ló kù kí ọkọ̀ jáde, wọ́n sì ti tẹ ìwé ìpolówó pé àpótí ńlá mẹ́ta ni bùútù ń gbà. Ó ní ṣé kí òun wá sọ fún aráyé pé ó ku méjì àti agolo.

Lọ́jọ́ kejì ni ó ránṣẹ́ pè mí sókè.

Ẹ̀yin ará, ọdún méjìlá tí mo lò níbẹ̀, àtẹ̀gùn yẹn ò mọ ẹsẹ̀ mi rí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ fa àga fún mi. Ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè àwọn ọmọ. Ó ní èèyàn dáadáa ni Bàbá, ṣùgbọ́n orí sípánà ni ọpọlọ rẹ̀ ti dúró. Ó wá ní ìbéèrè kan wà tí òun kàn fẹ́ bi mí lásán: ṣé ìyàtọ̀ wà láàárín bí ọkọ̀ ṣe ń rìn nínú yàrá ìdánwò àti bó ṣe ń rìn ní títì?

Mo mọ̀ pé kì í ṣe lásán. Mo sì mọ ìdáhùn kí ó tó pa ẹnu dé.

Nínú yàrá ìdánwò, orí àwọn irin róbótó kan ni a máa ń gbé ọkọ̀ lé. Á máa sáré lójú kan, irin á máa yí lábẹ́ táyà, kò ní kúrò níbi tó wà. Kò sí kọ́nà níbẹ̀, nítorí náà sítíárìn kì í yí rárá. Ọkọ̀ tó ń sáré tí sítíárìn rẹ̀ ò yí, inú ìdánwò ló wà. Ó kù kí èèyàn kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí sítíárìn ò bá tíì yí láti ìgbà tí wọ́n ti tan án, kí ẹ́ńjìnnì máa mí jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun. Tó bá ti yí báyìí, kí ó gbàgbé ìwà.

Ǹ bá ti ní mi ò mọ̀. Ta ni yóò mọ nǹkan kí ó má fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n? Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

"Ọpọlọ báyìí," ó wí, "ta ló gbé e pamọ́ sísàlẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Gbólóhùn yẹn ló parí mi. Kò fún mi ní nǹkan kan, kò tiẹ̀ ṣèlérí. Ìyìn ẹnu lásán ló fi rà mí, mi ò tiẹ̀ dúnàádúrà.

Ọ̀sán méjì ni mo fi kọ ọ́. Kò tó ogójì ìlà. Sórí rẹ̀ lókè pátápátá, mo kọ àwàdà kékeré kan sí i fún ìgbádùn ara mi, bí ìyá ṣe ń kìlọ̀ fún ọmọ: "Tí àlejò bá wọlé, jókòó dáadáa. Tí àlejò bá lọ, ṣe bó ṣe wù ọ́."

Ọkọ̀ yege. Àwọn ará òkè bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìpolówó jáde, wọ́n ní ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ mọ́ jù lọ nìyí, wọ́n ya ọmọ kékeré kan tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàlẹ́ńsà rẹ̀. Mo wo àwòrán ọmọ yẹn, mo ṣí ewé tó kàn.

Ọkọ mi, tó jẹ́ olùkọ́, ra ọ̀kan. Mo ní kó ní sùúrù, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó òun ni, òun ò lè máa wọ ti ẹlòmíràn. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó pe obìnrin aránṣọ tó wà lódìkejì ilé wa pé kó wá wo ohun ìyanu. Ó fa áńkáṣífù funfun yọ, ó ti ìka bọ sàlẹ́ńsà, ó nù ún yípo.

Áńkáṣífù náà jáde bí ìdí ìkòkò.

Mo ní eruku títì ni. Obìnrin aránṣọ wo áńkáṣífù, ó wò mí, ó ní òun ní dúdú tó dára tó báyẹn ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ aró ni àwọn fi pa á. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ mi fọ áńkáṣífù yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì bi mí léèrè nǹkan kan. Àìbéèrè rẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ dùn mí.

Bàbá Sàlẹ́ńsà kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ náà kọjá lára rẹ̀ lẹ́nu géètì, imú rẹ̀ sì sọ fún un. Ó wá bá mi nídìí tábìlì mi nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun.

"Ọmọ mi," ó wí jẹ́jẹ́, "ọkọ̀ yìí ń parọ́. Ọkọ̀ ò sì lè dá irọ́ pa."

Ẹ wò ó, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó kù kí n wọlé. Dípò bẹ́ẹ̀, mo sọ fún un pé ọjọ́ ti ń lọ lórí imú rẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, fún ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di nọ́ọ̀tì.

Èyí tó burú jù ni mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí, mo sọ fún Ọ̀gá Ó-Ti-Parí pé Bàbá ti ń béèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní ó ti parí. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, wọ́n ti gbé Bàbá lọ sí sítọ́ọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀, kó máa ka bóòtù àti nọ́ọ̀tì. Wọ́n fi mí ṣe olórí yàrá ìdánwò. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, lórí tìmùtìmù tí ìyàwó rẹ̀ rán fún ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ó tù mí lára gan-an, ká sòótọ́.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni obìnrin kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba. Kò ga, kò sanra, bàtà rẹ̀ kò ní gìgísẹ̀. Ìyá Òfin ni a sọ ọ́ kó tó mumi tán. Ó ní kí a dán ọkọ̀ náà wò lójú òun. A dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, ó yege lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tó ṣí àpótí kan tó gbé wá, ó ní wọ́n ń so ó mọ́ ìdí sàlẹ́ńsà ni, ó sì lè ka èéfín bí ọkọ̀ bá ṣe ń lọ. Ó ní kí a jáde díẹ̀.

"Ẹ̀yin ni kí ẹ wà á," ó sọ fún mi. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

Títì tó jáde láti géètì wa tọ́ bí ọ̀pá. Mo wà á bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Nọ́ńbà tó wà lójú àpótí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó ní kí n yà sápá òsì níwájú. Mo ní ẹ jẹ́ ká máa lọ tààrà, mà, títì yìí dáa. Ó ní òun náà rí i pé ó dáa. A ń lọ. A kọjá ilé epo, a kọjá ibi tí wọ́n ti ń gé pákó. Nínú ọkàn mi, mo ń gbàdúrà kí ẹni tó la títì yẹn ti là á dé òpin ayé.

Oríta ló là á dé. Ògiri gbàgàdà kan dúró níwájú wa, ọ̀tún tàbí òsì ló kù.

Mo yà. Nọ́ńbà náà fò sókè ní ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Ìyá Òfin ní kí n páàkì, kí n pa ọkọ̀, kí n tún tan án, kí n sì máa lọ tààrà. Nọ́ńbà wálẹ̀. Ó ní kí n yà sọ́tùn-ún. Nọ́ńbà fò sókè. Ó mú mi ṣe é nígbà mẹ́rin, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan. Lẹ́yìn náà ó dé bíírò rẹ̀.

"Ọkọ̀ yìí," ó wí, "kò fẹ́ràn kọ́nà."

Mo ní mi ò mọ ohun tó fà á.

Ìpàdé wáyé lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ náà gan-an, torí àwọn ará òkè ò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ̀. Kí Ìyá Òfin tó dé, Ọ̀gá Ó-Ti-Parí ti sún ìwé kan sí mi lórí tábìlì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olórí yàrá ìdánwò àtijọ́ ló dá fi nǹkan náà sínú ọkọ̀, kó lè ba ilé-iṣẹ́ jẹ́, nítorí wọ́n kọ agolo rẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó ní Bàbá ti dàgbà, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe.

Mo fọwọ́ sí i. Mi ò ní pa irọ́ kankan fún yín mọ́. Mo kà á, ó yé mi, mo sì fọwọ́ sí i.

Wọ́n pe Bàbá wọlé pẹ̀lú aṣọ sítọ́ọ̀ lọ́rùn rẹ̀, gírísì ṣì wà léèékánná rẹ̀. Ìyá Òfin ka ìwé náà sókè. Bàbá wo ibi tí mo fọwọ́ sí nísàlẹ̀ ìwé. Kò wò mí.

Ìyá Òfin gbé kọ̀ǹpútà yàrá ìdánwò síwájú rẹ̀. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé òun ló kọ àṣẹ náà, kí ó jọ̀ọ́ ṣí i kí gbogbo wa rí i.

Bàbá na ìka kan jáde. Ó wo àwọn bọ́tìnnì náà bí ẹni tó ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Ó tẹ ọ̀kan. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

"Ọmọ mi," ó wí, "wá bá mi tan nǹkan yìí."

Mo fi orí mi búra, mi ò ronú. Ọdún méjìlá ló gbé mi dìde. Mo na ọwọ́, mo tan án, ó béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí i, mo tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí mi. Ó sì là gbàgà, iṣẹ́ ọwọ́ mi, ogójì ìlà ó dín díẹ̀, pẹ̀lú orúkọ mi lórí rẹ̀.

Ìyá Òfin tẹ̀ síwájú, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó sì kà á sókè ketekete: "Tí àlejò bá wọlé, jókòó dáadáa."

Ó ka èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ni ó wá bi Ọ̀gá pé ṣé ó ti parí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, láti orí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ dé orí ìwé tí mo fọwọ́ sí. Kì í ṣe pé mo nígboyà. Kò sí irọ́ mọ́ nínú àpò mi ni.

Ọ̀gá Ó-Ti-Parí lọ bá àwọn adájọ́ wí tẹnu rẹ̀. Àwọn ará òkè ní àwọn kò mọ nǹkan kan, wọ́n ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ àwọn ti ń bọ̀wọ̀ fún òfin. Wọ́n dá Bàbá padà sí yàrá ìdánwò, wọ́n so agolo rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tuntun. Ẹ lọ wo ìpolówó wọn báyìí. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ agolo náà síbẹ̀, wọ́n ní àwọn ló ronú kàn án.

Nítorí pé mo jẹ́rìí, wọn ò lé mi. Wọ́n gbé mi sí ọgbà ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n pè padà ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa yọ ogójì ìlà yẹn kúrò nínú wọn. Ọkọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó ní ojú òun ló tì, kì í ṣe tèmi.

Mo lọ sílé Bàbá. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, orókún mi ò lè tún nǹkan kan ṣe. Ó ní òun ò ní ṣẹ́ èpè fún mi, òun ò sì tíì lè bá mi ṣeré. Ohun méjì ló ní kí n máa ṣe. Níbi iṣẹ́, kí n má pe òun ní bàbá mọ́, ọ̀gá ni kí n máa pe òun. Èkejì, ẹnikẹ́ni tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, kí n fi ẹnu ara mi sọ fún un pé èmi ni.

Nítorí náà mo ń sọ ọ́. Àwọn kan ń bú mi, wọ́n ní mo ti gba agbára lára ọkọ̀ àwọn. Mo máa ń sọ fún wọn pé agbára àtijọ́ yẹn, inú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ni a ti jí i. Ọkùnrin kan tiẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n bá òun fi irọ́ náà sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí òun tètè débi iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ní ilé-ìwé jẹ́léósinmi gbé tirẹ̀ wá. Mo yọ ogójì ìlà náà kúrò nínú rẹ̀, mo sì sọ tèmi fún un. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ni òun máa ń gbé ọkọ̀ náà sí láràárọ̀, òun kì í pa á, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ti máa ń tò kí wọ́n tó wọlé. Ó ní òun rí ọmọ kékeré nínú ìpolówó wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàlẹ́ńsà, òun sì rò pé kò séwu.

Mo bi í pé àwọn ọmọ mélòó ni, mà.

Ó ní mẹ́tàdínlógún. Ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Ọkọ̀ ṣì tò dé géètì. Mo pe ẹni tó kàn.